Ìró Mọ́kànlélógójì Lójú Omi

Àtìní, 15 oṣù Keje, 2024

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí, n kò sì fẹ́ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Abígí ní kí n yéé jẹ iyọ̀. Mùtàlíbù ọmọ mi ní kí n yéé jókòó ti èéfín. Zipporah, tí ààrò rẹ̀ ti kọjú sí tèmi láti ogójì ọdún, ní kí n yéé sọ̀rọ̀ níbi tí ọkùnrin bá wà. Mo ṣì ń jẹ iyọ̀.

Haneefah ọmọ Mùtàlíbù, tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè, ló mú ìwé yìí wá fún mi. Ó ní kí n máa kọ ohun tí ojú mi bá rí nínú rògbòdìyàn omi yìí, pé bí n kò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn á kọ ọ́ fún mi, á sì kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Ìmọ̀ràn nìyẹn náà, àmọ́ ó fi bírò méjì tì í lẹ́yìn. Bírò ni mo gbà.

Pírámárì kẹta ni mo ti kúrò. Ẹni tó bá rí àṣìṣe níbí kó fi í sílẹ̀, tèmi ni.

Ẹja tí mo yan lónìí kò bo ìdajì ojú ààrò. Láti ẹ̀yìn Iléyá tí ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ti wọ omi Èbúté-Ọ̀nì ló ti rí bẹ́ẹ̀. Omi ti rí bí omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀. Igi ìdáná, ìdì kan, ẹgbẹ̀rún méjì náírà.

Àlàmísì, 18 oṣù Keje

Ìpàdé gbogbo ìlú. Àwa obìnrin dúró síta lẹ́yìn fèrèsé gbọ̀ngàn, bí a ti í ṣe.

Waris ló sọ̀rọ̀ jù. Òun ni alága àwọn ọ̀dọ́, Kọ́mírédì ni wọ́n ń pè é. Ó ní àsìkò ìyípadà ti dé, pé gbogbo orílẹ̀-èdè ló ń hó bí omi gbígbóná, pé kò sí ọmọ ọba kò sí ọmọ ẹrú mọ́, pé ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kó yà lọ́nà fún ẹni tí ẹ̀rù kò bà. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Mo tilẹ̀ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa bá àwọn awayanrìn sọ̀rọ̀. Ènìyàn mẹ́sàn-án, irùngbọ̀n mẹ́sàn-án. Mùtàlíbù tèmi ni akọ̀wé.

Mo ki ọwọ́ bọ ojú fèrèsé, mo bèèrè pé obìnrin ńkọ́. Baálẹ̀ Adéṣínà wo àjà. Waris ló dá mi lóhùn, ó tẹrí ba, ó sì rẹ́rìn-ín.

“Yèyé, ẹ̀yin ni ìyá ìjà yìí. Ẹ̀yin ni òpó tí a fẹ̀yìn tì. Ìyá kì í wọ agbo ìjà. Ìyá a máa gbàdúrà nílé, a sì máa bọ́ àwọn ọmọ tó ń jà.”

Àwọn obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní àmín. Kí a tó túká wọ́n ti pín wa sẹ́nu iṣẹ́: Zipporah ni ẹja, èmi ni gaàrí. Kóńgò gaàrí kan ti di ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba náírà. Wọn kò sọ ẹni tí yóò rà á.

Àlàádì, 21 oṣù Keje

Ọkọ̀ ọlọ́pàá méjì yọ láti ọ̀nà Òde-Omi lówùúrọ̀. Ẹnìkan ti lọ sọ fún wọn pé a fẹ́ dáná sun ẹ̀rọ. Waris sáré dé ilé mi, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yàtọ̀ sí ìkejì. Ó ní kí àwọn ìyá bọ́ síwájú, pé kò sí ọlọ́pàá tó máa yìnbọn fún ìyá.

A bọ́ síwájú. A jókòó sínú ẹrẹ̀ ní èbúté, àwa bí ogójì. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọmọdé tí fìlà rẹ̀ tóbi jù ú lọ. Ó bèèrè pé ta ni olórí wa. Mo wo ẹ̀yìn. Ìgbìmọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án wà lẹ́yìn àwọn igi àgbọn, wọ́n ń yọjú bí aláǹgbá.

Mo ní èmi ni olórí. Mo ní kó bọ́ sílẹ̀ wá, kó bu omi yẹn sẹ́nu, kó sọ fún mi bóyá ìyá rẹ̀ lè fi se ọbẹ̀. Kò bọ́ sílẹ̀. Ó wo omi, ó wo wá, ó ní kí a má ba nǹkan jẹ́, wọ́n sì yí ọkọ̀ padà.

N kò lè dìde mọ́. Ẹni méjì ló fà mí yọ nínú ẹrẹ̀. Sálúbàtà mi òsì ṣì wà níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ Waris dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ fún ìgboyà wọn.

Nígbà tí ìbọn ń bọ̀, iwájú ni ti obìnrin. Nígbà tí bírò ń bọ̀, ẹ̀yìn ni.

Àtàláátà, 23 oṣù Keje

Mo pe àwọn obìnrin sí ìdí ààrò mi. Mo ní n kò tún tẹ gaàrí fún irùngbọ̀n kankan mọ́. Zipporah bèèrè pé kí ni a ó wá máa ṣe, ṣé a ó máa wo omi ni. Mo ní a ó sá ìró.

Àwọn ìyàwó kéékèèké kò rí i rí. Èmi rí i lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí àwọn kan ń da oògùn sómi láti pa ẹja.

A na okùn ọkọ̀ láti igi àgbọn etí ìhín dé igi àgbọn etí ọ̀hún, níbi tí ọ̀nà omi ti fún, tí ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń kó yanrìn jáde gbọ́dọ̀ gbà. Olúkúlùkù mú ìró kan tó ti fi pọnmọ, tó ti fi yan ẹja, tí òógùn ara rẹ̀ wà lára aṣọ náà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ sórí okùn. Mọ́kànlélógójì. Tèmi ni àkọ́kọ́, àdìrẹ tí iná ti jẹ létí.

Ọkùnrin tí wọ́n bí sí etí omi yìí kò jẹ́ gba abẹ́ ìró obìnrin kọjá, kò sì jẹ́ fọwọ́ kan èyí tó bá wà lórí okùn. Ẹni tó kọ́ ọ ló ń ká a. Àwọn awayanrìn kò mọ èèwọ̀ wa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tí omi ti jìn náà. Ọmọ wa ló ń tukọ̀ wọn la àárín òkìtì ìsàlẹ̀ omi kọjá.

Atẹ́gùn fẹ́ ní ọ̀sán. Gbogbo ìró náà wú, bí ìgbà tí obìnrin mọ́kànlélógójì bá lóyún lẹ́ẹ̀kan náà.

Jímọ̀, 26 oṣù Keje

Ó ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ akóyanrìn mẹ́ta dúró ní ìhà ọ̀hún. Olúbùsọ́lá, ọmọkùnrin Zipporah, ni wọ́n háyà láti tọ́ wọn sọ́nà. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá ọkọ̀ pariwo mọ́ ọn pé aṣọ lásán ni ìyẹn. Ó ní, “Ìró ìyá mi ni.” Ó bọ́ sínú omi, ó lúwẹ̀ẹ́ wálé.

Ẹ̀rọ náà dákẹ́ lọ́sàn-án. A ti gbàgbé bí ìdákẹ́jẹ́ ṣe ń rí. Mo gbọ́ tí Baálẹ̀ ń wúkọ́ nílé rẹ̀.

Àlàmísì, 1 oṣù Kẹjọ

Rédíò ní wọ́n jáde síta ní ìlú ńláńlá nítorí ebi. Níbí, omi ti ń tòrò. Ẹja tí mo yan lónìí bo ojú ààrò látòkèdélẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti Iléyá. Obìnrin oníbàárà mi láti Òrù wá, ó ra agbọ̀n méjì, kò tilẹ̀ nájà. Mo jẹ orí ẹja kan, pẹ̀lú iyọ̀.

Sátidé, 3 oṣù Kẹjọ

Ìgbìmọ̀ lọ sí Abígí láàárọ̀ láti bá àwọn ará ilé iṣẹ́ awayanrìn jókòó. A kò mọ̀. Ọ̀sán ni wọ́n dé, wọ́n lu agogo, gbogbo wa pé sí gbọ̀ngàn, àwa níta. Mùtàlíbù ka ìwé tí wọ́n bọwọ́ lù. Àwọn awayanrìn yóò fa yanrìn fún oṣù mẹ́ta sí i. Wọn yóò gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan, wọn yóò kun gbọ̀ngàn ní ọ̀dà. Ọ̀nà omi yóò ṣí ní Àtìní, aago mẹ́jọ òwúrọ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo dúró títí àtẹ́wọ́ fi rọlẹ̀. Mo wá bèèrè láti ojú fèrèsé pé ta ni yóò ká ìró.

Mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án wo ara wọn. Wọ́n ti lọ tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn máa ṣí ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sí lápò ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá ti ní kí a ká a, a ó ká a, bí ẹní tí àlejò ti dìde lórí rẹ̀.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rù tó bà mí. Oṣù mẹ́ta sí i, kò sí ẹja tó máa kù.

Àlàádì, 4 oṣù Kẹjọ

Baálẹ̀ rán Mùtàlíbù sí mi. Ó ti pé ẹni àádọ́ta ọdún, irun rẹ̀ ti ń funfun, àmọ́ ó lóṣòó níwájú mi bí ìgbà tó wà ní kékeré tó fẹ́ tọrọ owó gúgúrú.

“Ìyá mi, ẹ gbà mí. Orúkọ mi ló wà nínú ìwé yẹn.”

“Ta ló ní kó o fi í síbẹ̀?”

Ó ní bí ọ̀nà kò bá ṣí lọ́la, ìtìjú òun ni. Mo ní ọ̀nà á ṣí lọ́jọ́ tí obìnrin bá jókòó nínú gbọ̀ngàn, tí a jọ ka ìwé náà láti ìlà àkọ́kọ́. Ó ní kò sí àyè ìjókòó. Mo ní àyè wà, bẹ́ǹṣì wa ni kò sí.

“Bẹ́ǹṣì wo?” ló wí.

Mo yíjú sí ààrò.

Àtìní, 5 oṣù Kẹjọ

Aago mẹ́jọ. Ìgbìmọ̀ ti lọ wá àwọn àjèjì méjì kan láti ibi tí n kò mọ̀, kí wọ́n wá já okùn. Wọ́n wa ọkọ̀ dé ìtòsí. Bàbá kan tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi, kò tilẹ̀ gbójú sókè, ó kàn sọ fún wọn pé ọkùnrin tó bá fọwọ́ kan ìró yẹn, kó má ṣe padà lọ bá ìyàwó rẹ̀ mọ́, yóò kàn máa wò ó ni. Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Wọ́n ní ẹ̀yìn ń ro àwọn, wọ́n wa ọkọ̀ padà.

Èmi kò gbọ́ irú ìyẹn rí. Bàbá náà ló hùmọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Mo fi ẹja mẹ́rin ránṣẹ́ sí i.

Àlàrùbá, 7 oṣù Kẹjọ

Ìró mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló kù. Àwọn ọkọ ti gbé ìjà náà wọ ilé.

Ọ̀kan kò jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀ mọ́. Ọ̀kan ní kí tirẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Afeezat, ìyàwó Waris, ló wá bá mi fúnra rẹ̀, ọmọ lẹ́yìn, ojú wú. Ó ní ọkọ òun ní kí òun mú ọ̀kan, òun tàbí okùn. Ó ní ó sọ fún òun pé obìnrin rere kì í jẹ́ kí ìlú rí ìtìjú ọkọ rẹ̀. Mo ní kó lọ ká tirẹ̀, kó má sunkún sórí ọmọ.

Ìyípadà tí Waris ń pariwo rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Àlàmísì, 8 oṣù Kẹjọ

Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

Sátidé, 10 oṣù Kẹjọ

Mẹ́rìndínlógún. Òjò láti òwúrọ̀. Òrùlé mi ń jò sórí àpò iyọ̀. Mo gbé iyọ̀ sórí ibùsùn, èmi sùn sórí àpótí.

Àtàláátà, 13 oṣù Kẹjọ

Mẹ́sàn-án. Eékún mi wú bí àgbọn. Haneefah, tó wá lo ìsinmi, bèèrè pé bẹ́ǹṣì wo gan-an ni, nítorí ìgbìmọ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní arúgbó ń wá igi ìjókòó nígbà tí ìlú ń wá oúnjẹ. N kò lè sọ fún un. Ìwé yìí ni n ó sọ fún, òun kì í fèsì.

Ọkọ̀ ìyá mi ni wọ́n fi ṣe bẹ́ǹṣì náà, nígbà tí ọkọ̀ náà gbó. Ó gba ènìyàn méje. Obìnrin méje ló ń jókòó lé e nínú gbọ̀ngàn, lápá ọ̀tún Baálẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan omi, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ títí bẹ́ǹṣì yóò fi kún. Lábẹ́ rẹ̀, olúkúlùkù wọn ti fi irin gbígbóná tẹ àmì tó ń tẹ̀ sára agbọ̀n ẹja rẹ̀. Ti ìyá mi ni ìlà mẹ́ta àti ojú kan.

Lọ́dún 1982, àlejò ńlá kan ń bọ̀. Adéṣínà kò tíì jẹ Baálẹ̀ nígbà náà, ó ń bá Baálẹ̀ àná kọ̀wé ni. Ó wá bá mi nílé. Ó ní ìjókòó kò tó, kí a yá àwọn ní bẹ́ǹṣì fún ọjọ́ kan péré. Ìyá mi ti lọ ta ẹja. Mo ní kó jẹ́ kí ó dé. Ó wò mí, ó ní, “Ọ̀rẹ́dọlá, ìwọ lojú ẹ là nínú gbogbo wọn. Ìwọ kọ́ ni wàá máa ṣe bí àwọn ìyá àtijọ́ wọ̀nyí.”

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí. Ó wù mí kí wọ́n máa sọ pé ojú mi là. Ó gbé orí kan, mo gbé orí kejì. Èmi, ọwọ́ ara mi.

Nígbà tí àwọn ìyá dé ìpàdé tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kò sí ìjókòó, kí wọ́n dúró síta díẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní ikán ti jẹ bẹ́ǹṣì náà. Igi tó ti mu omi ọ̀sà fún ọgbọ̀n ọdún. Ikán wo?

Ìyá mi kò bú mi. Ó ní, “Ìwọ lo gbé e jáde. Ìwọ ni wàá gbé e wọlé.” Ọdún mẹ́fà ló tún lò láyé, kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti bá a jíròrò ọ̀rọ̀ yẹn lórí ààrò lójoojúmọ́ láti ìgbà náà, òun ló sì máa ń borí.

Jímọ̀, 16 oṣù Kẹjọ

Mẹ́rin.

Ojú ń dun Mùtàlíbù, kò lè kọ̀wé. Ó mú Haneefah dání lọ sí ìpàdé ìgbìmọ̀ láti bá a kọ ọ́. Wọ́n jẹ́ kó wọ yàrá inú lọ́hùn-ún tí obìnrin kankan kì í wọ̀. Wọ́n pè é ní akọ̀wé, nítorí náà wọn kò rántí pé obìnrin ni.

Ó ní àga onílẹ́dà pupa kan wà níbẹ̀, ó gùn, fóòmù wà lórí rẹ̀, márùn-ún nínú ìgbìmọ̀ ló ń jókòó lé e, bàbá rẹ̀ wà láàárín. Bírò rẹ̀ jábọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wá a. Ó fọwọ́ kan abẹ́ àga, ó rí i pé ó rí ṣákaṣàka. Nígbà tí wọ́n jáde lọ kírun, ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ó tan iná fóònù rẹ̀, ó yà á ní àwòrán.

Ó gbé fóònù náà fún mi. Ó ti ń ka ìwé yìí lẹ́yìn mi, mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. N kò bínú.

Àmì méje. Ìlà mẹ́ta àti ojú kan wà ní ìkẹta láti apá òsì. Wọn kò gbé e lọ sí ibì kankan. Wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n sì jókòó lé e.

Àlàádì, 18 oṣù Kẹjọ

Zipporah dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣì wọ aṣọ funfun. Méjì ló kù lórí okùn láti àná, tèmi àti tirẹ̀. Àwọn awayanrìn ti sọ fún Olúbùsọ́lá pé bí ọ̀nà bá ṣí, iṣẹ́ oṣooṣù ni àwọn máa fún un.

“Ọ̀rẹ́dọlá, ọmọ mi ti jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ lóyún. Bẹ́ǹṣì kì í bọ́ ọmọ.”

“N kò bú ọ.”

“Bú mi, ó sàn.”

“N kò bú ọ, Zipporah.”

Ó lọ ká a. Ó ń kán omi lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi wọlé. N kò fi àwòrán náà hàn án. Bí mo bá fi í hàn án lákòókò yẹn, ẹ̀bẹ̀ ni ìbá jẹ́, n kì í bẹ̀bẹ̀.

Àtìní, 19 oṣù Kẹjọ

Ọ̀kan. Ìró kan ṣoṣo lójú gbogbo omi yẹn, ó kéré bí ewé. Ọkọ̀ kankan kò kọjá. Kò sí ọkùnrin tó kí mi ní gbogbo ìlú lónìí, àfi Olúbùsọ́lá.

Àlàrùbá, 21 oṣù Kẹjọ

Mo ń da iyọ̀ sẹ́ja, Zipporah wọlé, kò kí mi. Ó na ọwọ́ sí mi, fóònù Haneefah wà nínú rẹ̀.

“Lèésì fi í hàn ọ́?” ni mo bi í, bí ẹni tí kò mọ̀.

“Ọmọ ọmọ rẹ tó gbọ́n jù ọ́ lọ.” Ó jókòó sórí àpótí mi. Ó fi ìka tọ́ àmì kan, ó rí bí ìwọ̀ ẹja, ẹnu rẹ̀ ṣẹ́. “Ti ìyá mi nìyí. Irin rẹ̀ ṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi, kò tún un ṣe mọ́. Wọ́n ti fi ìdí lé e fún ọdún méjìlélógójì, Ọ̀rẹ́dọlá. Wọ́n tún ní kí n máa yan ẹja fún àwọn.”

Mo wá sọ èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí fún un, pé èmi ni mo gbé e jáde.

“Mo mọ̀,” ó ní. “Mo rí yín lọ́jọ́ náà. O wọ bùbá tuntun.”

Ó mọ̀ láti ọjọ́ náà, ó sì ti ń bá mi yá iná fún ogójì ọdún.

Ọmọ rẹ̀ ló wa ọkọ̀ gbé e dé ìdí okùn. Olúbùsọ́lá kọ ẹ̀yìn sí i nígbà tó ń kọ́ ìró, ó ń wo etí omi kejì bí ẹni tí kò mọ ohun tó gbé òun wá. Méjì.

Jímọ̀, 23 oṣù Kẹjọ

Wọ́n gbé àga dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àga rọ́bà funfun, mẹ́rìnlélógún, tuntun, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Baálẹ̀ ní ẹ̀bùn àwọn ìyá ni. Waris àti Mùtàlíbù ń rù wọ́n láti èbúté. Gbogbo ìlú jáde wá wòran.

Wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀yìn fèrèsé.

Mo dúró, mo ń wò wọ́n títí wọ́n fi to èyí tó kẹ́yìn. Waris nu òógùn. “Yèyé, ìjókòó lẹ ní ẹ fẹ́. Ìjókòó rèé, kódà ó ní ibi ìfẹ̀yìntì.”

“Ohun tí mo yá yín ni mo bèèrè,” ni mo wí. “N kò ní kí ẹ rà mí ní nǹkan.”

Ó fẹ́ fèsì. Afeezat ìyàwó rẹ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ìró kíká wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Kò wojú rẹ̀. Ọ̀nà omi ló gbà. Obìnrin méjì mìíràn tẹ̀ lé e, tí ìyá ọkọ wọn wà nínú àwọn méje tó ń jókòó lé bẹ́ǹṣì nígbà náà. Haneefah ti ń fi àwòrán náà hàn láti ilé dé ilé, n kò bi í léèrè.

Márùn-ún.

Òjò ń rọ̀ sórí àga funfun náà báyìí. Kò sí ẹni tó gbé wọn wọlé.

Àlàádì, 25 oṣù Kẹjọ

Àwọn awayanrìn ní bí ọ̀nà kò bá ṣí di Sátidé, wọ́n ń kó ẹ̀rọ lọ, wọn á sì gbé ìlú lọ sí kóòtù nítorí ìwé tí ìgbìmọ̀ bọwọ́ lù. Àwọn mìíràn ti ń sọ pé kí wọ́n lé mi kúrò nílùú. Wọ́n ju òkúta sórí òrùlé mi ní ìdájí. Ihò tuntun ti bá ti àtijọ́.

Mùtàlíbù nìkan ló wá lọ́sàn-án. Kò lóṣòó lónìí, ó dúró. Haneefah ti fi àwòrán hàn án.

“Ṣé òun ni mo ń jókòó lé?”

“Òun ni.”

“Ìyá mi, n kò mọ̀.”

“Mo mọ̀ pé o kò mọ̀. Nínú àìmọ̀ yín ni a ti ń dúró síta.”

Ó ní Baálẹ̀ ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́ gan-an sínú ìwé, kí òun wá kà á sókè ní gbọ̀ngàn lọ́la. Mo bi í bóyá ó máa kà á bí mo ṣe kọ ọ́, láìfi ọ̀rọ̀ dídùn kún un. Ó ní òun máa kà á. Ó ní òun máa kà á lórí ìdúró, òun kò ní jókòó síbẹ̀ mọ́.

Haneefah fẹ́ bá mi tún un kọ kó lè mọ́. Mo kọ̀. Ohun tí mo fún Mùtàlíbù nìyí, mo dà á kọ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ikán jẹ ẹ́:

Baálẹ̀ Adéṣínà. Bẹ́ǹṣì tí ẹ̀yin àti èmi gbé jáde lọ́dún 1982 wà ní yàrá inú, lábẹ́ lẹ́dà pupa. Àmì méje wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ yí i padà kí ẹ wò ó. Ẹ ní ọjọ́ kan péré ni. Ẹ di orí kan mú, èmi á di orí kejì mú, a ó gbé e padà sí apá ọ̀tún gbọ̀ngàn, obìnrin méje á jókòó lé e, a ó sì ka ìwé yẹn láti ìlà àkọ́kọ́. Títí dìgbà náà, ìró mi wà lójú omi. N kò fẹ́ àga. N kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan ni ẹ jẹ wá. Ẹ dá a padà.